Ta Ni Ó Ni Àsè Ìparí Sáà?

Oṣù Keje tún ti dé, sáà kẹta ń lọ sópin, àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọ sì ti ń fi ìka ka ọjọ́. Ní ìpàdé àwọn òbí àti olùkọ́ tí a ṣe lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Ìsinmi méjì sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kan jáde tí a kò parí, nítorí òjò ṣú, ebi sì ti ń pa ọ̀pọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá san owó àsè ìparí sáà, ṣé kí ó wá sí ilé-ìwé ní ọjọ́ náà ni, tàbí kí ó jókòó sílé? Àwọn kan ní kí ó jókòó sílé. Àwọn mìíràn ní kí ó wá gba káàdì rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má dé ibi oúnjẹ. Arákùnrin kan dìde, ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, kí a má ṣe fi àkókò ṣòfò lórí ìrẹsì. Olóòtú ìwé yìí wá bẹ̀ mí pé kí n kọ èrò ọkàn mi sílẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé mo ti ṣe tíṣà rí. Èmi kò gbà pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ẹni tí kò bá ṣe tíṣà rí lè rò pé bí ìdánwò bá ti parí, iṣẹ́ tán ní ilé-ìwé nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ tí ọmọ ti kọ ìdánwò ìkẹyìn títí di ọjọ́ tí yóò gba káàdì, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tíṣà ń ṣe máàkì, ó ń ro máàkì pọ̀, ó ń kọ káàdì, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ta ni yóò wá bá a mú àádọ́ta ọmọ dání? Iṣẹ́ ni a fi ń mú wọn dání. Ní àkókò yìí ní Kánò, òjò ti rọ̀, koríko ti ga dé orúnkún ọmọdé, nítorí náà ẹgbẹ́ kan a máa ro àyíká ilé-ìwé. Ẹgbẹ́ kejì a gbé gbogbo bẹ́ńṣì jáde sí ìta, wọn a fi omi àti ọṣẹ fọ yíǹkì ọdún kan kúrò lára rẹ̀. Àwọn kan ń pọn omi, àwọn kan ń to òkúta sí ẹ̀bá òdòdó, àwọn kan ń kó ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe jọ fún àfihàn, ìgbálẹ̀, ẹní, agbọ̀n, àti àwọn ère amọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá ẹṣin ni tàbí ajá. Lábẹ́ igi dóńgóyárò, wọ́n ń kọ́ eré tí wọn yóò ṣe níwájú àwọn òbí. Níbi tí mo ti ń wò wọ́n ní ọdún kan, ọmọ Íbò ni wọ́n fi ṣe Kábíyèsí, òun sì mọ ìjókòó ọba ju gbogbo àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ tí ó yí i ká lọ. Ìjòyè rẹ̀ kan jẹ́ ọmọ Nupe, èkejì jẹ́ ọmọ Ẹ̀bìrà, ọmọ Haúsá kan tí ilé wọn wà lẹ́yìn ọjà ni ó sì ń lu ìlù.

Nǹkan kan wà tí mo ṣàkíyèsí ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọ tí ó jẹ́ pé ẹgba ni a fi ń lé e wọ kíláàsì ní àárín sáà, ní ọ̀sẹ̀ yìí, òun ni yóò dé kí agogo tó lù. Ọmọ tí ó ṣe ìkẹyìn nínú ìṣirò ni yóò mọ bí a ti ń de okùn aṣọ ìkélé tí kò fi ní já lulẹ̀ níwájú àlejò. Ẹni tí kò lè ka ojú ìwé kan tán láì kólòlò ni yóò máa kọ́ àwọn yòókù ní ìgbésẹ̀ dírílì. Ní ìyókù ọdún, ilé-ìwé ń pín àwọn ọmọ sí ipò kìíní, ipò kejì, títí dé ipò àádọ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń rí i pé gbogbo wọn ni ó ni ibẹ̀. A kò kọ ọ́ sórí pátákó fún wọn. Ọwọ́ wọn ni ó kọ́ wọn.

Bí ẹ bá ti rí ìyẹn, ẹ óò mọ ìdí tí n kò fi fẹ́ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ owó àsè. Ṣùgbọ́n kí n tó máa bá àríyànjiyàn lọ, ó yẹ kí n jẹ́wọ́ ohun kan, nítorí kò dára kí ènìyàn máa bá àwọn ẹlòmíràn wí lórí ohun tí òun pàápàá ti ṣe.

Ní ọdún 1983, mo jẹ́ tíṣà kíláàsì kẹrin ní ìlú mìíràn ní òkè níhìn-ín, kì í ṣe Kánò. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni nígbà náà, nítorí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976. Owó àsè kò sí nínú ọ̀fẹ́ náà. Àwa tíṣà ni a bu náírà kan lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí, fún ìrẹsì, ẹran àti mínírà. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, àwọn bíi mẹ́sàn-án nínú kíláàsì mi ni kò tíì san. Ọ̀gá wa fún mi ní ìwé orúkọ, ó ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán. Ẹni tí mo bá fi àmì sí orúkọ rẹ̀ yóò wọlé. Ẹni tí kò bá ní àmì yóò lọ jókòó lábẹ́ igi títí àwọn yòókù yóò fi jẹun tán, kí gbogbo wọn lè jọ gba káàdì.

Ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn mẹ́sàn-án náà tí ìyá rẹ̀ ń ta kókó àti àkàrà lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni ó ti ń ru bẹ́ńṣì. Òun ni ó lu ìlù nígbà dírílì ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àwọn òbí sì pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, mo wo ìwé, mo sì na ọwọ́ sí ìdí igi. Kò sunkún, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Sà, ṣé kí n kọ́kọ́ kó àwọn bẹ́ńṣì tó kù wọlé kí n tó lọ jókòó?” Mo ní kí ó kó wọn. Ó kó wọn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì jókòó lé wọn lórí, wọ́n jẹun.

Òfin ni mo pa mọ́ ní ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó bá mi wí, ọ̀gá wa tilẹ̀ yìn mí pé mo mú ìwé orúkọ mi mọ́. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, mo ti gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ náà kò kúrò ní etí mi. Mo ti ń wá ibi tí àṣìṣe náà wà gan-an, nítorí kì í ṣe pé òfin náà kò ní ìdí. Náírà kan ni a dá fún gbogbo ènìyàn. Àwọn kan dá a, àwọn kan kò dá a. Ẹni tí ó dá a ni ó jẹ ẹ́. Kí ni ó burú níbẹ̀?

Ohun tí mo wá rí ni pé a mú ìlànà ohun kan, a fi ṣe òdiwọ̀n ohun mìíràn. Àwọn baba wa kò sí nínú òkùnkùn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní èsúsú, èyí tí Àlùfáà Samuel Johnson ti ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Nínú èsúsú, iye tí o bá dá ni o ó kó. Bí o kò bá dá, kò sí ẹni tí yóò bá ọ kẹ́dùn nígbà tí àsìkò kíkó bá dé, kò sì sí ìkà níbẹ̀. Wọ́n ní àáró pẹ̀lú: lónìí a wà lóko tèmi, lọ́la a wà lóko tìrẹ, ẹni tí kò bá wá sóko ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó máa dá oko tirẹ̀ ro. Àáró àti èsúsú, ọ̀rọ̀ àwọn tí ó bára wọn dọ́gba ni, àwọn tí ó ní oko, tí ó ní owó, tí wọ́n fi ẹnu ara wọn ṣe àdéhùn.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní ọ̀wẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀wẹ̀. Bí ọkùnrin kan bá fẹ́ bo ilé rẹ̀ tàbí kí ó ṣán igbó tí ó ju agbára rẹ̀ lọ, a bẹ àwọn ènìyàn ní ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bẹ ọ̀wẹ̀ ni yóò gbọ́ oúnjẹ. Ẹni tí ó bá wá tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, a gbé oúnjẹ fún un, a kì í bi í pé mélòó ni o mú wá. Ọmọdé tí ó ń bu omi fún àwọn àgbà náà ń jẹ nínú rẹ̀. Àwọn Haúsá tí a ń bá gbé mọ ìyàtọ̀ kan náà: wọ́n ní adashi fún owó, wọ́n sì ní gayya fún iṣẹ́ àjọṣe. (Bí o bá ti gbé Kánò fún ọgbọ̀n ọdún tí o kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí rí, arákùnrin mi, inú ilé ni o ń jókòó sí.) Kò sí Haúsá tí yóò bá ọ ṣe gayya tán, kí o wá ní kí ó san owó túwó tí ó fẹ́ jẹ.

Mo wá bi yín. Ọ̀sẹ̀ ìparí sáà tí mo ṣàpèjúwe lókè yìí, èwo ni ó jọ nínú méjèèjì? Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò dá èsúsú kankan. Wọn kò ní àpò tí wọn yóò ti mú un jáde. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ṣe. Wọ́n ro ilé-ìwé wa, wọ́n fọ bẹ́ńṣì wa, wọ́n ṣe eré tí ó mú inú wa dùn, a sì ya àwòrán wọn sórí fóònù láti fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀, ta ni ó bẹ̀ ẹ́? Àwa àgbà ni. Àwa ni a jẹ gbèsè oúnjẹ. Iye tí olúkúlùkù wa yóò dá kí oúnjẹ náà lè pọ̀ tó, èsúsú àwa àgbà nìyẹn, a lè bá ara wa jà lé e lórí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìjà náà kò gbọdọ̀ dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngán níbi tí ọmọdé ti ń kọjá.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n sọ ọ́ ní ìpàdé, kò sì jẹ́ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní bí àwọn tí kò san bá jẹun bí àwọn tí ó san, ní ọdún tí ń bọ̀ kò ní sí ẹni tí yóò san mọ́. Wọ́n tún mú ọ̀rọ̀ tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà wá, nípa ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tí ó rọrùn. Ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí. Ọmọ tí mo ní kí ó lọ sábẹ́ igi ní 1983 ti ṣiṣẹ́ ju èmi tí mo mú ìwé orúkọ lọ́wọ́.

Èkíní ni ó le. Òtítọ́ ni pé àwọn kan wà tí wọ́n ní owó, tí wọn kì yóò san. A mọ̀ wọ́n. Ẹ̀yin náà rí ọkùnrin tí ó ń ra aṣọ ẹbí gbogbo ayẹyẹ, tí akápò ilé-ìwé bá sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, yóò ní òun ń dúró de owó ọjà. Bí ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, opó tí ó fi ìdajì èrè ọ̀sẹ̀ rẹ̀ san owó tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. N kò lè sọ fún un pé kí ó má bínú. Gbogbo ọ̀nà tí mo ti gbà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, ìrẹ́jẹ díẹ̀ ṣẹ́kù níbẹ̀ tí n kò rí ọgbọ́n tí mo lè fi mú un kúrò. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹnì kan ni yóò ru ìrẹ́jẹ náà, kò sì tọ́ kí ó jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ni a ó gbé e lé lórí. Bí a bá fẹ́ bá baba jà, a mọ ilé baba. Kí ìgbìmọ̀ gbé àga lọ jókòó sí iwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ohun tí a ń ṣe báyìí ni pé ojú baba ń tì wá, ni a fi ń dójú ti ọmọ.

Ẹnì kan lè tún bi mí pé, bí ọ̀wẹ̀ bá ni, ọmọ tí ó ń sá fún iṣẹ́ ńkọ́, tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn ilé ìgbẹ́ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń roko, tí baba rẹ̀ sì ti san gbogbo owó? Ìbéèrè gidi ni. Bí mo bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ bọ̀ dé òpin, òun gan-an ni ó yẹ kí ó lọ sábẹ́ igi. Èmi kì yóò rán an lọ, nítorí mo mọ̀ pé ọmọdé ni, ní sáà tí ń bọ̀ a ó tún fún un ní ọkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé òfin wa kò tilẹ̀ rí òun rárá. Owó nìkan ni ojú òfin wa mọ̀.

Àwọn ìjọ kan ti rí ọgbọ́n mìíràn. Wọ́n ní kí àwọn olówó inú ìjọ dá owó fún àwọn ọmọ tí kò ní. Inú mi dùn sí i, títí mo fi rí bí wọ́n ti ṣe é ní ibì kan tí a pè mí sí. Wọ́n pe àwọn ọmọ náà síwájú, wọ́n tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ, wọ́n ní kí wọ́n yíjú sí ẹni tí ó ṣe wọ́n lóore kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀. Ayàwòrán wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, mo mọ̀ pé àwa Yorùbá fẹ́ràn kí a pe orúkọ wa pẹ̀lú iye tí a dá. Ìkórè ìjọ wa kò ní lárinrin láìsí i, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ti ìkórè, àgbà ni ó ń ná owó rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá tò síwájú bẹ́ẹ̀ yóò jẹ ìrẹsì náà, yóò sì mọ̀ láti ọjọ́ náà lọ pé àlejò ni òun ní ilé-ìwé tí òun fi ọwọ́ ara òun ro. Èmi kò mọ̀ bóyá ìdí igi kò sàn jù ú lọ.

Èyí tí ó tún wá gbòde báyìí ni ti kúlà. A ní kí àríyànjiyàn má bàa sí, kí olúkúlùkù ọmọ gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá láti ilé. Ó dà bí ẹni pé ọgbọ́n ni. Ẹ lọ wò wọ́n ní ọjọ́ náà. Ọmọ kan ṣí kúlà, adìyẹ odidi itan ni ó wà níbẹ̀. Èyí tí ó jókòó tì í mú gààrí tí a ti rẹ sínú ike, ó fi ìdérí bò ó, ó ń bu ú jẹ lábẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ ṣí Kọ́ríńtì Kìíní, orí kọkànlá, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti bínú sí ìjọ tí olúkúlùkù ń jẹ oúnjẹ alẹ́ ara rẹ̀ ṣáájú, tí ebi ń pa ọ̀kan, tí èkejì sì yó ní àyójù, lórí tábìlì Olúwa kan náà. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ dáadáa yóò rí i pé Pọ́ọ̀lù kò sọ pé wọn kò pé jọ. Wọ́n pé jọ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń pé jọ gan-an ni ó ń dá wọn lẹ́bi fún, nítorí wọ́n ń dójú ti àwọn tí kò ní.

Kì í ṣe àjèjì ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún ìjọ tiwa. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, kò dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí wa tí rélùwéè ti gbé wá sí Sábọ́ńgàrí. Owó ni wọ́n ń san níhìn-ín, àwọn mìíràn sì kó ọmọ wọn padà sílé lọ bá ìyá àgbà kí wọ́n lè kàwé. Nínú àwọn alàgbà wa tí ó jókòó síwájú ní ìpàdé ọjọ́ náà, ó kéré tán àwọn méjì wà tí wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ fún mi rí bí wọ́n ti lé wọn kúrò ní kíláàsì nítorí owó. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ni wọ́n le jù. Bóyá ìyà tí ènìyàn jẹ tí ó sì là á já a máa dà bí ẹ̀kọ́ tó dára lójú rẹ̀.

Owó ilé-ìwé ní tirẹ̀, n kò dá sí i. Ilé-ìwé ìjọ ni tiwa, owó náà ni a fi ń san owó oṣù tíṣà, tíṣà náà ní ọmọ. Ẹni tí ó bá jẹ gbèsè rẹ̀ kí ìgbìmọ̀ bá a sọ ọ́ bí àgbà ti ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Lórí àsè nìkan ni mo ń sọ, ohun tí mo sì rò pé a lè ṣe kò pọ̀. Kí a sè é nínú ìkòkò kan, kí ìwọ̀n àwo kan náà kárí. Kí àkápò máa gba owó nínú àpòòwé láti ìsinsìnyí, láìsí ìwé orúkọ lára ògiri, kí olúkúlùkù dá a bí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ, kí àwọn ẹgbẹ́ ìyá àti ẹgbẹ́ ọkùnrin sì di ihò tí ó bá kù. Bí kò bá tó fún ẹran, kí a fi ẹ̀wà sè é. Mo ti rí ọmọdé tí ó jó lórí ẹ̀wà.

Èmi ti fún àkápò ní tèmi. Mo gbọ́ pé ìgbìmọ̀ ń wá ẹni tí yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ọjọ́ náà, wọ́n sì ti dárúkọ mi nítorí pé mo jẹ́ tíṣà àtijọ́. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá mi, mo wà lẹ́yìn ilé, èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin, a ń kó bẹ́ńṣì wọlé.